Àkàbà Ọ̀ta-Ẹ̀fun

Ìwé ìṣírò owó pákó ni mo fi ya á,
èyí tí àwọn ará ṣọ́ọ̀mìlì jù sẹ́yìn ilé;
bírò búlúù méjì, ọ̀kan ń jò.
Mo fa ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí àpótí mẹ́fà,
mo kó àdúgbò wa sínú wọn,
Ọ̀ta-Ẹ̀fun, níbi tí títì ti parí
tí Òṣogbo ò tíì parí.

N ò mọ ọwọ́ yà.
Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ki ọwọ́ bọ àpò,
tàbí tí wọ́n kó o sẹ́yìn bí ajigbèsè.

Àpótí kìíní: òrùlé Tàwákàlítù ń jò,
abọ́ mẹ́rin nílẹ̀, ìkòkò kan lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ó rán ọmọ sí Ọ̀ṣúntúndé káfíńtà:
"Wọ́n ní kẹ́ ẹ yá wa ní àkàbà."
Àkàbà dé. Páànù dí.
Kò tíì dá a padà
tí Mísítà Gbádérò ti wá a dé,
òṣìṣẹ́ rélùwéè tí rélùwéè fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀;
ó fẹ́ yí abọ́ sátẹ́láìtì síbi tí bọ́ọ̀lù wà.
Ibẹ̀ ló gbà dọ́dọ̀ àwọn ìyàwó Ràímì,
àwọn méjì tí kì í kí ara wọn:
ìyálé gùn ún, ó ń ká máńgòrò,
ìyàwó di ẹsẹ̀ àkàbà mú.
Wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ya máńgòrò kan
tó ń já bọ́ láàárín wọn,
n ò jẹ́ kó délẹ̀.

Àbúrò mi bi mí pé kí ló wà nínú àlà funfun
tó pààlà àpótí kan sí èkejì.
Mo ní ibẹ̀ gan-an là ń gbé.
Ibẹ̀ ni Tàwákàlítù ti sunkún tán kó tó rẹ́rìn-ín.
Ibẹ̀ lẹni tó jí adìẹ Gbádérò ti pa á jẹ.
Ibẹ̀ ni Ọ̀ṣúntúndé kú sí,
lóru Àlàmísì kan; oorun ò jẹ́ kí n yà á.

Wọ́n gbé e lọ sí Ìrágbìjí, ìlú ìyá rẹ̀.
Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa.
Àkàbà ṣì fara ti ògiri Ràímì.
Ta la fẹ́ dá a padà fún?
Gbádérò ní ká tà á.
Ìyálé ní èèwọ̀ ni.
Tàwákàlítù ò fọhùn, ó mú kànrìnkàn,
ó fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

Ìjì àná tì í ṣubú.
Ó nà gbọọrọ sínú koríko,
mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wò ó:
igi gígùn méjì, igi kéékèèké tó dá wọn bùú,
àpótí, àpótí, àpótí, mọ́kànlá,
kò sẹ́nì kan nínú wọn.
Àṣé Ọ̀ṣúntúndé ti fa ìlà kí n tó ní bírò.

Ìgbín kan ń gba inú ìkẹta kọjá.
Mo ṣí ojú ìwé tuntun,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ yíyà.