Aago Ibùdókọ̀ Zaria

Ní Gwagwalada, wọ́n ní kí Bàbá ya aago,
kó kọjá mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
Bàbá ya aago ibùdókọ̀ rélùwéè Zaria,
èyí tó ti kú sórí mẹ́rin
láti ọdún tí wọ́n ti dá a dúró níṣẹ́.
Òdo.

Wọ́n fi àwòrán àgbáǹréré hàn án.
"Màlúù ta ni ìwo rẹ̀ ṣìnà báyìí?"
Òdo.

Dókítà Rahanatu ti bébà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ọdún mẹ́ta ló fi rin Kuje, ó rin Kwali,
eruku ọyẹ́ nínú bàtà rẹ̀,
tó ń bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n mọ̀,
ká tó lè mọ ohun tó ń sọnù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wọkọ̀ ní Zaria, ẹ̀ ń lọ Kano.
Ibo lẹ máa kàn?"
Bàbá jókòó dáadáa.
"Likoro. Faki. Yako…"
Ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan lórí tábìlì.
Ó yíjú sí mi:
"Súwè, ibo ló kàn?"

Súwè ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti kú tipẹ́.

Rahanatu kọ ọ́ sílẹ̀, kò kánjú.
Kò kọ òdo.
Ó kọ orúkọ ibi tí ọkọ̀ dúró sí.