Ẹsẹ̀ Kẹrin

Aago kan òru ti kọjá ní Òkè-Pósù.
Iná ìjọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì ọ̀kadà ni mo fi ń ṣiṣẹ́,
tọ́ọ̀ṣì wà láàárín eyín mi,
ẹ̀rọ kékeré náà sì dùbúlẹ̀ sórí pákó tí ìyá mi fi ń gé ẹja,
ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ kò ju èyí lọ:
kí o tàn, kí o kú,
kí o tàn, kí o kú,
ìṣẹ́jú àáyá kan sí ìkan,
kí ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ láti Èjìnrìn
lè mọ̀ pé èèyàn wà lójú omi níbẹ̀,
pé Sìfáwù ń dẹ àwọ̀n rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Lọ́sàn-án, lórí tábìlì, ó gbọ́ràn bí ọmọ ilé-kéú.
A gbé e sínú ọkọ̀, a tan ẹ̀ńjìnnì,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.
Ó tàn lẹ́ẹ̀mẹta léra, ó dákẹ́,
ó tàn díẹ̀, ó gbàgbé ara rẹ̀.
Bàbá mi wò ó, kò bínú.
"Mútíátù, ṣé fìtílà lo ṣe fún mi
àbí ọmọge tó ń ṣẹ́jú sí mi?"

Mo pààrọ̀ bátìrì. Kì í ṣe bátìrì.
Mo pààrọ̀ ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà fúnra rẹ̀,
irínwó náírà lọ́wọ́ Lámídì tó ń tún rédíò ṣe ní Ayétòrò.
Kì í ṣe ṣíìpù.
Mo fi mítà ṣọ́ kapasítọ̀ títí ojú fi ń ro mí:
ó kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó yí padà,
ó fà dé ìdá kan, ó tún yí padà,
bí ìkòkò tí kì í jẹ́ kí omi dé ẹnu,
tí kì í sì í jẹ́ kí ìsàlẹ̀ gbẹ.
Iṣẹ́ tirẹ̀ pé. Mi ò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń han lára ògiri.
Ọjọ́ mìíràn, mà bá ti ṣépè fún un;
lóru yìí, ariwo gan-an ni mò ń wá.
Ìgbà náà ni ìka mi ṣèèṣì kan ẹ̀gbẹ́ ṣíìpù,
iná sì tàn geere.
Mo yọwọ́, ó kólòlò.
Mo dá ọwọ́ padà, ó tàn.
Ṣé èmi wá ni wáyà tó kù ni?

Mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi àmì.
Èkíní, ó wà nílẹ̀. Èkejì ni à ń fi jí i.
Ẹ̀kẹta ni ẹnu rẹ̀.
Ẹ̀kẹrin...
ẹ̀kẹrin kò so mọ́ nǹkan kan.
Ẹsẹ̀ tó lè ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró,
mo gbàgbé rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ lójú òjò.
Ohun tí a kò so mọ́ ibì kan, ibi gbogbo ní ń pè é:
ẹ̀ńjìnnì wúkọ́, ó jẹ́ ẹ,
jẹnẹrétọ̀ sín, ó jẹ́ ẹ,
ìka ọmọbìnrin kàn án, ó ní olúwa òun dé.

Wáyà kan, kò gùn tó èékánná,
láti ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹjọ.
Kapasítọ̀ kékeré kan sẹ́bàá ibi tí iná ń gbà wọlé,
kí ó lè máa mu ìpayà ẹ̀ńjìnnì kó tó dé inú.
Èéfín lẹ́ẹ̀dì wọ̀ mí lójú.
Ìpẹ́ ẹja kan há sínú ibi tí mo jó pọ̀;
mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ọkọ̀ ti kúrò létí omi.
Mo dúró sínú ẹrẹ̀, mo ń kà á bó ṣe ń kéré sí i,
tàn, kú, tàn, kú,
mo kà á dé méjìléláàádọ́rin,
ó fo ẹyọ kan,
àbí èmi ni mo ṣẹ́jú.