Owó Atẹ́gùn

Àǹtí Filomẹ́nà, mo dé ìlú inú káàdì yẹn,
èyí tí ẹ fi há àárín Jóòbù àti Orin Dáfídì,
tí àwọ̀ òkun rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ omi ògì.
Mo wọ rélùwéè láti Hámúbọ́ọ̀gì,
mo sọ̀ níbi tí ojú irin parí sí,
mo gbọ́ òórùn iyọ̀ kí n tó rí omi.

Ẹ ní kí n má fi nǹkan kan pamọ́.
Ó dáa. Òtútù wà. Oṣù keje ni o,
oòrùn là, ṣùgbọ́n kò mú.
Mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, mo yára yọ ọ́ padà
bí ajigbèsè tí olówó pè lórúkọ.
Òkun wọn kì í bú ramúramù bíi tiwa,
ó kàn ń lá etí iyanrìn díẹ̀díẹ̀
bí ológbò tó ti yó.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ń rìn lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ pẹ̀lú ajá wọn,
wọ́n ń fi ẹja tútù àti àlùbọ́sà sínú búrẹ́dì.
Èmi náà ra ọ̀kan. Ẹyẹ funfun kan
já a gbà lọ́wọ́ mi kí n tó gé ẹ̀ẹ̀kejì jẹ.
Ìyá arúgbó kan rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó bu ìdajì tirẹ̀ fún mi. A ò gbédè ara wa,
a jọ jẹun.

Ẹ wá gbọ́ èyí: wọ́n ń gba owó atẹ́gùn.
Mi ò ṣàwàdà. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà etíkun,
ẹ ó ki owó bọ ẹnu rẹ̀, á pọ bébà pélébé kan jáde,
bébà yẹn ló ń jẹ́rìí pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mí.
Ẹ rẹ́rìn-ín títí ọwọ́ yín fi gbá ife tíì dànù.
“Owó atẹ́gùn! Èyí tí a ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Màrínà,
èmi àti Ìrènéù, lábẹ́ igi, kí wọ́n tó...”
Ẹ dákẹ́.
Kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ sómi, kí wọ́n tó gbé títì lé òpó,
kí atẹ́gùn tó di ohun tó ń gba orí mọ́tò kọjá
kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní òpópónà Bámgbóṣé,
tòun tèéfín.

Mo rí àwọn àga náà.
Híhun ni wọ́n hun ún bí agbọ̀n, bí ẹ ti wí,
ó ní òrùlé, ó ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ó gba ènìyàn méjì.
Wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn bí ilé.
Mo wá igba ó lé méjìlá,
èyí tí Bọ̀ọ̀dá Ìrènéù fi bírò pupa yí po,
tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì: Fìlọ́, tiwa nìyí. Ọdún tó ń bọ̀.
Ọdún tó ń bọ̀ ti di mọ́kàndínláàádọ́ta.

Kò sí níbẹ̀. Igba ó lé mọ́kànlá wà,
igba ó lé mẹ́tàlá wà,
iyanrìn lásán ló wà láàárín wọn.
Ọmọkùnrin tó ń yá wọn síta gbọn èjìká.
Mo san owó ẹni méjì lórí ìkẹtàlá,
mo jókòó sọ́wọ́ òsì.

“Ta ló jókòó tì ẹ́?”
Mo ní kò sẹ́nìkan. Báàgì mi ni mo gbé síbẹ̀.
“Báàgì. Ó wúwo?”
Mo ní ó wúwo.
“Ẹn-ẹn.”

Lẹ́yìn náà ẹ dìde, ẹ ò jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́,
ẹ wọ́ àga oníke méjì bọ́ sí fàráńdà,
ẹ kọjú wọn síbi tí ọ̀sà yẹ kó wà,
lẹ́yìn okùn aṣọ, lẹ́yìn ilé alájà mẹ́fà ti báńkì yẹn.
Ilẹ̀ ti ń ṣú. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kú lójijì,
atẹ́gùn kékeré kan sì yọ láàárín ilé méjì
bí ọmọ tí wọ́n lé jáde, tó fẹ́ mọ̀ bóyá inú ti rọ̀.
Ẹ jókòó. Mo ní kí n jókòó sórí èkejì,
ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí mi:
“San owó ẹ ná.”