Ojú Ẹ̀mú Lára Wáyà

Ní Kutaísì, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
Gocha tú mítà pupa kan sórí páálí.
Láàárọ̀ ló fi wọn iná bàtìrì ọkọ̀ Lamzira:
méje ló kọ́kọ́ kà,
ó di méje ààbọ̀,
ó ń gòkè lọ bí ibà,
bẹ́ẹ̀ iná ò yí padà.
Mítà nìkan ló ń gbóná, tó ń purọ́.

"Olówó pọ́ọ́kú," ni Lamzira wí.
Gocha ò dá a lóhùn.
Ó ń wo wáyà kíki tó tẹ̀ kọdọrọ
láàárín ihò méjì,
afárá tí gbogbo iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá
kí mítà tó mọ bí ẹrù ti wúwo tó.
Ara rẹ̀ pọ́n bíi bàbà.
Ó mú òòfà sún mọ́ ọn, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́.
Irin ni. Wọ́n kàn fi bàbà kùn ún lójú ni.

Wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ níta:
áńpù mẹ́wàá, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá,
kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Irú alágbàṣe wo nìyẹn,
tó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, tó ní òun fẹ́ sùn?
Fíúsì ńkọ́? Àyè rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀,
òfìfo, bí ibi tí eyín ti ká.

Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá náà
ojú ẹ̀mú wà, mẹ́ta.
Ẹnìkan, ní ilé iṣẹ́ kan tó jìnnà,
ti gé e jẹ díẹ̀, ó wò ó,
ó tún gé e jẹ,
títí nọ́ńbà fi bọ́ sójú ẹ̀.
Ẹ̀kẹta ò jìn: ọwọ́ náà ti ń ṣọ́ra.
Ẹni yẹn mọṣẹ́. Irin tí wọ́n fún un ni kò mọ̀ ọ́n.

Gocha wá mítà Otar jáde, ọ̀gá rẹ̀ tó ti kú,
dúdú, wúwo bíi bíríkì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò mira mọ́.
Mángánínì ni wáyà inú ẹ̀,
kò ka ooru sí, kò ka òtútù sí.
Ó yọ ọ́, ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ sínú mítà pupa.
Òun náà gé e jẹ. Ó jù.
Ó bú ara rẹ̀, ó fi òjé dí i.

Méje.
Kọfí tutù, méje ṣì ni.

Lamzira ní kó sọ irin yẹn nù.
Ó jù ú sínú agolo ìṣó.
"Jẹ́ kó wà ńbẹ̀," ló wí,
"ẹnìkan ti dù ú."