Odò Tí Kò Mọ Òkun

Irin rélùwéè parí ní Ńgúrù.
Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú àpò obì méjì,
nítorí ọkọ̀ ò níbi tí yóò tún gbé e lọ.
Odò ni kò dúró.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka omi.
Òpó irin kan wà létí odò ní Gàṣúà,
wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n kùn ún ní dúdú
bíi rúlà ọmọ ilé-ìwé.
Láàárọ̀ mo kọ ọ́ sínú ìwé, nírọ̀lẹ́ mo tún kọ ọ́.
Ó di ọdún mọ́kànlélógún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rìn.
Apá kan ti ìhà Kánò wá,
ó gba Hàdéjìà kọjá,
ó ń rá pálá nínú koríko tó ga ju ènìyàn lọ.
Èkejì sọ̀ láti orí òkè Jọ́ọ̀sì,
àárín òkúta ni wọ́n bí i sí,
ó ń sáré bí ẹni tí olówó èlé ń lé
títí ilẹ̀ fi tẹ́ pẹrẹsẹ,
tí kò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò tì í lẹ́yìn mọ́.
Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti rú u lójú.
Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì,
ó ń fi ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀ káàkiri
bí arúgbó tó ń gbàgbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé.
Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ti pàdé,
wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ kan: Yóbè.

Tó bá fi máa dé Géídàm, ó ti rù.
Kyari a dọ̀bálẹ̀ sórí akèrègbè ńlá,
a fi ọwọ́ méjèèjì wa omi bí àjẹ̀.
Ó ní láyé bàbá òun, ẹṣin ń rì níbí.
Lónìí ewúrẹ́ rẹ̀ sọdá, ikùn ewúrẹ́ ò tutù.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ni yóò gbẹ.
Èyí ò gbàgbé nǹkan kan.
Orísun ló há sẹ́yìn ògiri kọnkéré lókè lọ́hùn-ún.

Gbogbo odò ilé wa ló ń wá iyọ̀ lọ sísàlẹ̀.
Eléyìí kọjú sí aṣálẹ̀,
ó ru ìwọ̀nba tó ní
lọ fún adágún Ṣáàdì tí òun náà ń fà sẹ́yìn.
N ò mọ ẹni tó rán an.

Lánàá, òpó mi dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ,
ẹrẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: òdo.
Mo wò ó títí.
Àmì orí rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí n ṣí nípò,
yóò di odò.

Yakaka, alátà, yọjú sí mi lẹ́yìn èjìká:
“Ìgbà wo ló ń bọ̀?”
bí ẹni ń bèèrè ọmọ tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi.
Mo ní oṣù keje.
“Ìwé rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.”
Kò dúró gbọ́ èyí tó kù.
Ọkọ́ rẹ̀ ti ń dún nínú ilẹ̀ líle.