Sílébù Kan Lé

Kíláàsì kejì àgbà, ní Ẹfọ̀n, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
mo kọ ewì Ìbídùnní Fámúrewá sójú pátákó:

  Ugi wó lu ulé,
  ulé wó lu ugbá,
  ugbá fọ́ lu orí,
  orí ní: "Kì í ṣ'èmi!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. A fi ìka ka sílébù:
mẹ́fà, mẹ́fà, mẹ́fà,
ìlà ìkẹyìn mú méje wá,
bí àlejò tó mú ọmọ tí a ò pè dání.
Ẹ gbọ́ ìparí ìlà: òkè, òkè, òkè,
bí àwọn òkè tó yí wa ká níhìn-ín,
lójijì, "mi", ohùn àárín:
ẹni tó já bọ́, tó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò.

Èmi olùkọ́, mo mú ṣọ́ọ̀kì pupa:
"ilé" ni, kì í ṣe "ulé". "Igi". "Igbá".
Mo tún un kà. Iye pé, ohùn ò yẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.
Mo dá "u" wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú ń tì mí.

Ó ku ìbéèrè tó kẹ́yìn: ìmọ̀lára ewì?
"Apanilẹ́rìn-ín, sà!" ni gbogbo wọn wí.
Ìbídùnní dákẹ́. Ó ní
ìjì ọjọ́ Ẹtì ni, sà.
Bàbá ṣì wé aṣọ funfun mọ́rí,
òun ló sì sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn
nínú òjò, kí ìyá wa má baà sunkún.

Mo fi àlàfo náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan.