Ilé Onípáànù ní Ìsàlẹ̀-Afọ̀n

Wọ́n ní kí n ya ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún Ògbómọ̀ṣọ́.
Alàgbà Ọdẹ́tóyìnbó, alága ìgbìmọ̀,
ti gé àwòrán kan nínú kàlẹ́ńdà:
gíláàsì láti òkè délẹ̀, òkúta mábù funfun báláú.
Ó ní, "Irú èyí ni. Kó ṣáà máa dán."
Mo ní mo gbọ́.

Mo gun ilé alájà mẹ́ta kan ní Tákíè,
mo dojú kọ ìlú lọ́sàn-án ọyẹ́.
Páànù.
Páànù tó pọ́n bí kajú tó já sílẹ̀,
poro lẹ́gbẹ̀ẹ́ poro, bí oko tí òjò nìkan ń ro,
títí dé ibi tí eruku ti gba ojú mi.
Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo fa ilà kan sínú ìwé,
ilà tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nílẹ̀,
bí àyà ẹni tó ń sùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín nípàdé.
"Páànù tí a fi ń ṣe ilé adìẹ?
Páànù tí a fi ń ká balùwẹ̀?"
Mo ní ẹ dúró ná.
Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé,
ta ló bọ́ lábẹ́ koríko tí kò pe ẹbí wá wò ó?
Owó Tàmálè ló rà á, owó Yẹ́ńdì,
owó ẹni tó ń jẹ gààrí gbẹ nílẹ̀ onílẹ̀.
Lọ́dún tí Gáná ní kí wọ́n máa lọ,
àwọn mìíràn délé, wọn ò bá nǹkan kan
àfi òrùlé tí wọ́n ti fowó ránṣẹ́ kàn.
Olóyè kan wúkọ́, ó wolẹ̀.
Ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn.

A wá ń kiri agboolé:
ẹ fún wa ní ògbólógbòó kan, ẹ gba tuntun.
Múfútáù wẹ́dà ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ilé sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan.
Mo ní ká kùn wọ́n. Ó gbé ìbòjú irin rẹ̀ sókè:
"Ọ̀gá, ṣé ẹ máa pa ewú bàbá yín láró ni?"
Mo fi ìpẹtà sílẹ̀.
Ihò ìṣó ló kù, ihò lọ́tùn-ún lósì.
Mo ti ra ohun tí a ó fi dí wọn
kí a tó gbé mẹ́wàá nà ró láàárọ̀ ọjọ́ kan,
tí oòrùn yọ lẹ́yìn wọn,
tí ìmọ́lẹ̀ tò sórí yẹ̀pẹ̀ wóró-wóró
bí àgbàdo tí wọ́n sá.
Mo pa ìdajì gílóòbù rẹ́ nínú àwòrán.

Ìyá Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló ru tirẹ̀ wá,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Ọkọ rẹ̀ ti fi ọ̀dà kọ TÀMÁLÈ sí i,
lẹ́tà tó kẹ́yìn wọ́ sílẹ̀ bí irù.
Ó gba tuntun, kò lọ.
"Ibo lẹ fẹ́ gbé e sí?"
Mo fi hàn án nínú ìwé, lókè ẹnu ọ̀nà.
Ó wo ìwé, ó wò mí.
"Apá òsì rẹ̀ ń jò. Mo ti wí tèmi o."

Lọ́jọ́ tí a ṣílé, Alàgbà ò tíì kà dé ìdajì
tí òjò àkọ́rọ̀ já lu òrùlé,
tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.
Gbogbo wa dákẹ́,
bí a ti ń dákẹ́ lórí ẹní nígbà tí a kéré.
Lẹ́nu ọ̀nà, lápá òsì:
tó.
Tó.
Kí n tó pe Múfútáù, Ìyá Àwẹ̀ró ti dìde,
ó ti fa abọ́ tánganran kan yọ nínú àpò,
etí rẹ̀ ti họ,
ó gbé e kalẹ̀ láìwòkè.
Ẹ̀kán kejì inú abọ́ ló bọ́ sí.

Abọ́ yẹn ò sí nínú àwòrán mi.
Òun làwọn ọmọ ilé-ìwé kọ́kọ́ ń béèrè.
Bí òjò bá dá, Ìyá á rọra wá,
á dà á sídìí máńgòrò,
á sì gbé e padà.